Owó Tán Lọ́wọ́ Mi: Bí Ẹ Ó Ṣe Máa Fi Phrasal Verb Sọ Ọ̀rọ̀ Àìní àti Ọrọ̀ Láì Ṣì í Sọ

Mo ń múra obìnrin kan sílẹ̀ fún IELTS, ìdánwò tí wọ́n fi ń mọ bí èèyàn ṣe gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó. Mo ní kó sọ̀rọ̀ nípa ẹnì kan tó ti la ìṣòro owó kọjá, ó sì yan ìyá rẹ̀. Mo mọ díẹ̀ nínú ìtàn ìyá náà: ẹ̀kọ ló ń tà, òun ló sì fi tọ́ ọmọ mẹ́rin lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú. "My mother was managing," ni ọmọ wí. "She was really managing." Lẹ́ẹ̀mẹta ló sọ ọ́. Ìyà ni mo gbọ́ nínú rẹ̀, nítorí pé lẹ́nu àwa ará Nàìjíríà, ẹni tó ń "manage" ni ẹni tí kò rí já jẹ tó sì ń rọ́jú. Ará Ìlú Ọba tó bá gbọ́ gbólóhùn kan náà yóò gbà pé apá ìyá náà ká a, pé kò sí wàhálà púpọ̀. Gbogbo ìyà tí obìnrin yẹn jẹ nídìí ẹ̀kọ, gbólóhùn kan bò ó mọ́lẹ̀.

"She scraped by", ìyẹn ni pé tipátipá ló fi ń rí oúnjẹ jẹ, ni gbólóhùn tó ń wá. Kì í sì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n. Ó wà nínú ìwé rẹ̀, láàárín ọgọ́ta phrasal verb (ọ̀rọ̀ ìṣe tó ní ọ̀rọ̀ kékeré lẹ́yìn) tó ti há sórí bí ábídí ṣe tò wọ́n. Ṣùgbọ́n níbi tó ti nílò rẹ̀, kò jáde lẹ́nu rẹ̀.

Mo ti rí i lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, àwọn tó ń múra WAEC àti àwọn tó ti ń gbé Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún mélòó kan. Wọ́n mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ẹni tó ń ṣe é, wọn ò mọ ibi tí owó máa jókòó sí nínú gbólóhùn, wọn ò sì mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó. Ìyẹn la máa tún ṣe níbí, ní ìpele méje.

Ohun tí ẹ nílò

Ìwé àkọsílẹ̀ kan. Ẹ lo ojú ìwé méjì tó kọjú síra: ọ̀rọ̀ kan lápá òsì, gbólóhùn nípa ẹni tí ẹ mọ̀ lápá ọ̀tún. Ẹ má kọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí tí ẹ bá ti kọ ọ́, òun lojú yín á máa lọ bá.

Ìwé atúmọ̀ èdè tó fi Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọ́n ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́. Èyí tí Oxford ń ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ máa wo ọfà olórí méjì tó máa ń wà láàárín ọ̀rọ̀ bíi "pay something ↔ off". Ọfà yẹn ṣe pàtàkì ju ìtumọ̀ lọ, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀.

Èèyàn mẹ́ta tí ẹ mọ ìtàn owó wọn: ẹnì kan tí nǹkan le fún, ẹnì kan tó jẹ gbèsè tó sì san án, ẹnì kan tó rí já jẹ dáadáa. Ẹ ò ní dárúkọ wọn fún ẹnikẹ́ni. Ojú wọn nìkan ni ẹ nílò, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí kò ní ojú èèyàn nínú kì í pẹ́ nínú orí.

Ìpele kìíní ni ẹ gbọ́dọ̀ fún ní àkókò jù. Ẹni tó bá sáré kọjá níbẹ̀ á padà wá.

Ìpele 1: Ẹ mọ ibi tí owó máa jókòó sí

Phrasal verb jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe tó ní ọ̀rọ̀ kékeré lẹ́yìn: "off", "by", "into", "on". Ẹ jẹ́ ká pe ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ní ìrù. Àwọn olùkọ́ máa ń sọ fún wa pé nǹkan àjèjì ni. Kì í ṣe àjèjì. Ẹnu yín ti ń ṣe irú rẹ̀ láti kékeré.

Ẹ wo "bàjẹ́". Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa sọ pé "ó bàjẹ́ owó náà". "Ó ba owó náà jẹ́" la máa ń sọ, ọ̀rọ̀ náà á là sí méjì, owó á sì wọ àárín. Ẹ wo "dínkù": "ó dín ináwó kù". Tí a bá sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kúkurú rọ́pò owó, àárín kan náà ló ń lọ: "ó bà á jẹ́", "ó dín in kù". Kò sí ẹni tó jókòó kọ́ wa.

Bí "pay off" ṣe ń ṣe nìyẹn. "San tán" ni, ẹ sì lè sọ pé "she paid off the debt" tàbí "she paid the debt off". Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi "it" rọ́pò "the debt", àárín nìkan ló lè wọ̀: "she paid it off". "She paid off it" dà bí ìgbà tí àjèjì bá sọ fún yín pé "ó bàjẹ́ ẹ". Ẹ ó lóye rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó ti mọ̀ pé èdè kì í ṣe tirẹ̀.

Àwọn tó ń là sí méjì báyìí nínú ọ̀rọ̀ owó ni "pay off", "pay back", "write off", "put aside", "run up", "bail out", "scrape together" àti "wipe out" (pa owó tàbí gbèsè rẹ́ pátápátá). Àwọn ni ìwé atúmọ̀ èdè máa ń fi ọfà olórí méjì sí.

Àwọn kan wà tí kì í là: "come into", "live on", "live off", "do without", "dip into", "eat into". Owó máa ń dúró lẹ́yìn wọn ni, ì báà jẹ́ "it": "I dipped into it", mo bu díẹ̀ nínú owó tí mo fi pamọ́. Ẹ ò lè rí "I dipped it into" níbì kankan nínú ọ̀rọ̀ owó.

Àwọn kan sì ní ìrù méjì: "run out of", "cut down on", "get by on", "make do with", "fall behind with". Ìrù kejì máa ń wá nígbà tí ẹ bá fẹ́ dárúkọ nǹkan. "We get by" ti tó. Tí ẹ bá fẹ́ sọ iye owó, "on" gbọ́dọ̀ wọlé: "We get by on 80,000 naira a month".

Lẹ́yìn náà ni méjì tó fẹ́ràn kí èèyàn wà láàárín wọn nígbà gbogbo: "tide over" àti "set back". "This loan will tide me over till Friday": owó náà á gbé mi dé ọjọ́ Jímọ̀. Tí ẹ bá gbé "me" kúrò láàárín, gbólóhùn náà á dàrú.

Etí wa tó mọ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ lè ràn wá lọ́wọ́ níbí. Nínú "pay it off", ohùn máa ń le lórí "off". Nínú "live on it", orí "live" ló ti ń le, "on" á sì rọ̀. Ẹ tẹ ohùn tí ìwé atúmọ̀ èdè orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń gbé sílẹ̀, ẹ fi etí Yorùbá gbọ́ ọ. Èyí tí ìrù rẹ̀ bá le tó sì gba owó sínú gbólóhùn, òun ló sábà máa ń là.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀: a máa ń so ìrù mọ́ ohun tí kò ní ìrù. "Cope up with" ni mo ń gbọ́ jù. "Up" kò sí níbẹ̀ rárá: "cope with". Bákan náà ni "borrow me", tó jẹ́ pé ẹni tó ń yáni lówó ni "lend" wà fún: "lend me".

Àyẹ̀wò: ẹ kọ gbólóhùn mẹ́wàá, kí "it" wà nínú gbogbo wọn. Ẹ kà wọ́n sókè lọ́jọ́ kejì láì wo ìwé. Tí "it" bá bọ́ síbi tí kò yẹ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ má tíì kọjá síwájú.

Ìpele 2: Ta ló ń ṣe é, èèyàn ni àbí owó?

"Owó tán lọ́wọ́ mi." Nínú gbólóhùn yìí, owó ló ṣe nǹkan, èmi kàn ni ọwọ́ tí ó ti tán. Òun ló fà á tí a fi máa ń sọ "My money has finished". Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀nà méjì fún un, ẹ gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan. Tí èèyàn bá ṣíwájú: "I have run out of money". Tí owó bá ṣíwájú: "My money has run out", láìsí "of". Àwọn tó bá pa méjèèjì pọ̀ ló máa ń kọ "My money has run out of", ìdánwò sì máa ń mú wọn níbẹ̀.

Ibì kan wà tí Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ti bára mu pátápátá, inú mi sì máa ń dùn nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí i. A máa ń sọ pé "fóònù yìí ná mi ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin". Fóònù ló ná, èmi wà láàárín, iye owó gbẹ̀yìn. "This phone set me back 70,000 naira." Ètò kan náà gan-an! Ẹ má sọ pé "I set back 70,000 naira".

Àwọn tó kù, ẹ tò wọ́n sí ọ̀wọ́ mẹ́ta nínú ìwé yín. Èèyàn ló ń ṣe "dip into", "put aside", "cut down on", "run up". Ináwó ló ń ṣe "eat into": "The bus fare eats into my pay", bí a ṣe ń sọ pé ọkọ̀ ń jẹ owó mi. Iṣẹ́ tàbí ìsapá ló ń ṣe "pay off" nígbà tí kò bá sí gbèsè lẹ́yìn rẹ̀: "Her effort paid off", làálàá rẹ̀ so èso. Èyí tó kẹ́yìn yìí máa padà wá.

Àyẹ̀wò: ẹ mú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ẹ bi í pé "ta ló ṣe é?" ní Yorùbá. Tí ìdáhùn bá jẹ́ owó, tó sì jẹ́ pé "I" lẹ kọ síwájú, ẹ tún un kọ.

Ìpele 3: Ẹ to àìní bí àkàsọ̀

Ibí ni obìnrin ọ̀dọ̀ mi ti kọsẹ̀, ibí náà ni ọ̀pọ̀ wa ti ń kọsẹ̀, nítorí pé "manage" la fi bo gbogbo rẹ̀. Àìní kò rí bákan náà. Ẹni tí kò rí ẹran jẹ àti ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ kò sí lójú kan. Ẹ ya àkàsọ̀ kan sínú ìwé yín, kí ẹ to ọ̀rọ̀ wọ̀nyí láti òkè wá sí ìsàlẹ̀.

Lókè pátápátá ni "make do with". Ohun tí a fẹ́ kò sí, a lo èyí tó wà. "There was no meat, so we made do with pọ̀nmọ́." Tí ẹ bá fẹ́ sọ "let's manage it" fún ará Ìlú Ọba, "let's make do with it" ni ẹ sọ.

"Cut down on" tàbí "cut back on" ló tẹ̀lé e: a dín nǹkan kù nítorí owó. "We cut back on fuel." Ẹ má gbàgbé "on". Tí ẹ bá dárúkọ nǹkan lẹ́yìn "cut down" láìsí "on", ó sábà máa ń dà bí ohun tí a ń ṣe sí igi.

Lẹ́yìn náà ni "get by". Owó tó wọlé kò pọ̀, kò sì ṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n oṣù ń parí. Ìtìjú kankan kò sí nínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń gbé ní yàrá kan ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, tó sì ń fowó ránṣẹ́ sílé lè fi tayọ̀tayọ̀ sọ pé "I get by".

"Scrape by" le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí "scrape" ń ṣe ni pé ó ń ha nǹkan, bí a ṣe ń ha ìdí ìkòkò nígbà tí ọkà ti tán. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni oúnjẹ dájú. Ẹ ṣọ́ra fún ìbátan rẹ̀: "scrape through" jẹ́ ti ìdánwò, ẹni tó yege tipátipá. "Scrape together" ni kéèyàn kó owó jọ níbí àti lọ́hùn-ún: "She scraped together the school fees".

Lẹ́yìn rẹ̀ ni "go without". Kò rí i rárá. Agbára ọ̀rọ̀ yìí wà nínú pé ẹ lè má dárúkọ ohun tí kò rí: "The children ate and she went without." Mi ò mọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì mìíràn tó sọ ọ̀rọ̀ ìyá ju èyí lọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má pa á pọ̀ mọ́ "do without", tó jẹ́ pé a lè wà láìsí nǹkan náà: "We can do without a car." Ẹni tó bá sọ pé "my mother did without food" ti jẹ́ kó dà bíi pé oúnjẹ ò jẹ́ nǹkan kan lójú ìyá náà.

"Fall behind with" ni ibi tí gbèsè ti bẹ̀rẹ̀: owó ilé, owó iná, owó ilé ìwé tó yẹ kí a ti san. "They fell behind with the rent."

Nísàlẹ̀ pátápátá ni "go under", ṣùgbọ́n kì í ṣe fún èèyàn. Ṣọ́ọ̀bù àti ilé iṣẹ́ ló ń "go under": Lehman Brothers, ilé ìfowópamọ́ ńlá ti Amẹ́ríkà, went under ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008. Tí ẹ bá sọ pé "my father went under", ẹni tó ń gbọ́ yín á rò pé omi gbé bàbá lọ tàbí pé wọ́n fún un lóògùn oorun nílé ìwòsàn.

Ìkìlọ̀ tó tóbi jù ní ìpele yìí ni "live on" àti "live off". "Live on" ni iye owó tàbí oúnjẹ tí èèyàn fi ń gbé ayé: "He lives on his pension." "Live off" ni orísun tí ó ti ń fà á, bíi ilẹ̀ tàbí èlé owó. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ orúkọ èèyàn ló tẹ̀ lé "off", ẹ̀sùn ni. "He lives off his sister" túmọ̀ sí pé ó ń jẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ run, pé kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Mo ti rí i tí ọmọ rere kan kọ ọ́ nípa ara rẹ̀ nínú lẹ́tà tó fi wá ilé ìwé, nígbà tó jẹ́ pé ọpẹ́ ló fẹ́ dá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ohun tó yẹ kó kọ ni "My sister supports me". Nígbà míì, ọ̀rọ̀ tí kò ní ìrù ló dára jù.

Ohun mìíràn: "hard up", "badly off" àti "well off" jọ phrasal verb, wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣe. Wọ́n nílò "be": "We were hard up." "They well off" kò pé.

Àyẹ̀wò: ẹ ronú kan ẹni àkọ́kọ́ nínú èèyàn mẹ́ta yín. Ẹ kọ gbólóhùn kan nípa rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan lórí àkàsọ̀, kí ẹ tún kọ ọ́ pẹ̀lú èyí tó wà lókè rẹ̀ àti èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa jẹ́ òtítọ́ nípa ẹni náà. Tí ẹ bá lè sọ ìdí tí méjì tó kù fi jẹ́ irọ́, ọ̀rọ̀ náà ti di tiyín.

Ìpele 4: Gbèsè, láti ìgbà tó wọlé dé ìgbà tó jáde

Gbèsè ní ìtàn, ẹ kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ìtàn náà ṣe ń lọ. Èèyàn á "take out a loan", ìyẹn ni pé ó lọ yá owó lọ́nà tó bófin mu, lọ́wọ́ báńkì. Tàbí kó "run up a debt": gbèsè ń gun orí gbèsè díẹ̀díẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ àìkíyèsí. Lẹ́yìn náà ó "falls behind with the payments". Tó bá gba ara rẹ̀, á "pay it back" tàbí "pay it off". Tí olówó, ìyẹn ẹni tó yáni lówó, bá ṣàánú, á "write it off": ó fojú fo gbèsè náà.

Ìyàtọ̀ "pay back" àti "pay off" wà nínú Yorùbá wa: san padà, san tán. "I paid back half of it" tọ̀nà. "I paid off half of it" kò burú, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá sọ pé "I paid it off", kò gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ku kọ́bọ̀.

Ti "write off", ẹ fi Nàìjíríà fúnra rẹ̀ rántí. Lọ́dún 2005, nígbà tí Ọbásanjọ́ jẹ́ ààrẹ tí Ngozi Okonjo-Iweala sì jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ìṣúná, a jẹ àwọn orílẹ̀-èdè inú Paris Club, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń yáni lówó, ní nǹkan bí bílíọ̀nù 30 dọ́là. Wọ́n fojú fo nǹkan bíi bílíọ̀nù 18, Nàìjíríà san nǹkan bíi bílíọ̀nù 12, ó sì parí sísan ní oṣù kẹrin ọdún 2006. "The Paris Club wrote off about 18 billion dollars." Olówó ló ń "write off". Ẹni tó jẹ gbèsè kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ pé "Nigeria wrote off its debt" ti sọ ẹni tó jẹ gbèsè di olówó.

"Bail out" ni kí ẹlòmíràn fi owó yọ èèyàn nínú ewu. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2009, Central Bank fi bílíọ̀nù 420 náírà ran báńkì márùn-ún lọ́wọ́: "The Central Bank bailed out five banks." A tún ń lò ó fún gbígba béèlì ẹni tó wà lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá. Gbólóhùn tó yí i ká ló máa fi hàn.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀ gan-an: ẹ má fi èèyàn sí àárín "pay off" láì ronú. "I paid off the landlord" lè túmọ̀ sí pé ẹ fún un ní rìbá. Ẹ sọ pé "I paid off what I owed the landlord". Bákan náà, "I'll pay you back" pẹ̀lú ẹ̀rín jẹ́ ìlérí, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ojú líle, ẹ̀san ni. Láfikún, "I owe him" la máa ń sọ. "I am owing him" jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ilé wa.

Fún ẹ̀yin tó wà ní Ìlú Ọba, ìpele yìí kì í ṣe ti ìdánwò nìkan. Lẹ́tà tó bá ní "you have fallen behind" ń sọ pé ẹ ti jẹ wọ́n sílẹ̀. Tí gbèsè bá ti wọ̀ yín lọ́rùn, ètò ìjọba kan wà ní England àti Wales láti oṣù karùn-ún ọdún 2021 tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Breathing Space. Agbaninímọ̀ràn lórí gbèsè ló ń bá èèyàn wọ̀ ọ́, ó sì máa ń fún ẹni tó bá yẹ fún un ní ọjọ́ 60 tí ọ̀pọ̀ àwọn olówó kò ní lè fi èlé kún gbèsè tàbí kí wọ́n máa lé e kiri. Ẹ má ju lẹ́tà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le.

Àyẹ̀wò: ẹ fi ẹni kejì yín sọ ìtàn gbèsè ní gbólóhùn márùn-ún, kí ọ̀rọ̀ márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ bi ẹni tó gbọ́ ọ: ṣé gbèsè náà ti tán? Tí kò bá lè dáhùn, "back" àti "off" ti pọ̀ mọ́ra.

Ìpele 5: Nígbà tí owó bá wọlé

Mi ò ní pẹ́ níbí, torí pé ọ̀rọ̀ ọrọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dààmú wa. "Put aside" ni fífi díẹ̀ pamọ́, "save up for" sì ni títọ́jú owó jọ fún nǹkan tí a mọ̀: "She is saving up for a sewing machine." Owó tí a dá fún alájọ lójoojúmọ́, "put aside" ló bá a mu. Ẹ má pè é ní "chip in", nítorí "chip in" ni kí gbogbo èèyàn dá díẹ̀díẹ̀ fún ohun kan ṣoṣo, bí ẹbùn ìgbéyàwó. Tẹni tó ń dá àjọ á padà sọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀kan ṣoṣo ló ń ba ọ̀pọ̀ àròkọ jẹ́: "come into". "He worked hard and came into money." Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó tí a bá "come into" kì í ṣe ti òógùn. Ogún ni, tàbí nǹkan tó bọ́ síni lọ́wọ́ láì retí. Tí ẹ bá sọ ọ́ nípa ẹni tó ṣiṣẹ́ bí ẹrú, ẹ ti gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Fún òun, ẹ lo "get ahead", tẹ̀ síwájú: "Through hard work she got ahead." Fún ohun tó ti ọwọ́ òbí dé ọwọ́ ọmọ, "hand down" ni. Ilé tí wọ́n ń pè ní Water House ní Kakawa Street, l'Ékòó, João Esan da Rocha tó ti Brazil padà wá ló ni ín, ó sì kan Candido ọmọ rẹ̀: "The house was handed down from father to son."

Ìpele 6: Ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹ sí

"Splash out on" (náwó yàlàyòlò), "fork out" àti "cough up" (san owó láì fẹ́), "rake in" (kó owó ńlá wọlé) àti "rip off" (rẹ́ni jẹ) dùn lẹ́nu, ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ ni wọ́n. "We had to fork out for the visa" dára lórí WhatsApp àti nínú ìdánwò tí ẹ fi ẹnu sọ. Nínú àròkọ Task 2 ti IELTS, ìyẹn iṣẹ́ kejì nínú ìdánwò kíkọ, tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ọ̀rọ̀ 250, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. "Get by", "fall behind", "pay off", "cut back on" àti "go without" lè wọ ibẹ̀ láì ti ẹnikẹ́ni lójú. Ẹ má sì kó mẹ́wàá sínú àròkọ kan. Méjì tàbí mẹ́ta tó bọ́ sójú ibi tó yẹ máa ń ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ tún ṣọ́ra nígbà tí ìrù bá lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀. "Set back" ni kí nǹkan náni lówó, "a setback" sì ni ìdíwọ́. Ẹ kọ ìgbà tó ti kọjá sílẹ̀ pẹ̀lú: "fell behind", "ran up", "came into", "paid". "Payed off" kò sí.

Ìpele 7: Ìtàn ìṣẹ́jú méjì

Nínú apá kejì ìdánwò ẹnu IELTS, ìṣẹ́jú kan lẹ ní láti múra, ẹ ó sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì. Ẹ tan fóònù, ẹ yan ẹnì kan nínú mẹ́ta, ẹ kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún péré sórí bébà, kí ẹ sì sọ ìtàn náà láì kọ gbólóhùn kankan sílẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, obìnrin yẹn tún ìtàn ìyá rẹ̀ sọ fún mi. Díẹ̀ nínú rẹ̀ nìyí:

"After my father died we scraped by on what my mother made from selling ẹ̀kọ. Some mornings the four of us ate and she went without. The year I entered secondary school she fell behind with the rent, so she took out a loan. It was three years before she paid it off. Even then she put a little aside every market day. When my brother graduated, she said it had all paid off."

Ẹ wo "paid it off" àti "paid off" tó gbẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ kan náà, iṣẹ́ méjì: ìyá san gbèsè tán, làálàá so èso. Kò ṣètò rẹ̀, ó ní bó ṣe bọ́ sẹ́nu òun nìyẹn.

Àyẹ̀wò tó kẹ́yìn: ẹ fi ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí kò mọ ìtàn náà. Ẹ bi í ní nǹkan mẹ́rin. Kí ni wọ́n fi ń gbé ayé? Ta ni kò jẹun? Ṣé gbèsè ti tán? Iṣẹ́ ló mú owó wá, àbí ogún? Tó bá ṣi àkọ́kọ́ tàbí ìkejì dáhùn, ẹ padà sí ìpele 3. Tó bá ṣi ìkẹta, ìpele 4. Tó bá sọ pé ogún ni nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀kọ ni, "come into" ti yọ́ wọlé níbì kan, ẹ gbọ́ ohùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ wá a jáde.